Okùn Iná Ọkọ̀

Ní Winnipeg, bí òtútù bá ti fi ọgbọ̀n lọ sábẹ́ òdo,
ọkọ̀ ń sùn tòun ti okùn iná lẹ́nu,
kí ọ́ìlì inú ẹ̀ má bàa dì bí ọ̀rá ẹran.
Lọ́dún kìíní mo rẹ́rìn-ín: ẹ wo ọkọ̀ tó ń mu ọmú!
Lọ́dún kejì mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àwọn tó ń lọ ni mo ń tọ́jú.
Ilé kan ni, lẹ́bàá Odò Pupa,
yàrá méjìlá, fèrèsé méjìlá,
yìnyín lójú gbogbo wọn.
Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé,
òkú tí wọ́n bá sin, èmi a tún sìn ín délé.
Mo gbé ikọ́ Ìyá Hryhorchuk wọ ọkọ̀,
mo gbé e gun àtẹ̀gùn,
mo tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí.
Bí mo bá sì ṣí fóònù,
ayé tó kù ti ń dúró dè mí níbẹ̀:
ìlú tí ilé wó lé àwọn ọmọ lórí,
abúlé tí omi gbé lọ tọmọ tẹran,
àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kó wọgbó lọ́nà ilé wa,
tí orúkọ wọn kún ojú ìwé méjì.
Mo ka orúkọ náà tán. Mo tún un kà.
Ọbẹ̀ jóná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo di òkúta.
Ẹ má bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀;
ta ló mọ ìgbà tí oorun gbé òun lọ?
Mo ṣáà rí i lọ́jọ́ kan pé mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn
lábẹ́ ẹni tó ń sunkún,
owó iná ni mo sì ń ṣírò.

Luzviminda ló fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ọmọ erékùṣù ni, ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ yìí,
àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.
Ó ní, "Ṣé o máa ń so ọkọ̀ rẹ mọ́ná lálẹ́?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní, "Ṣé torí pé o kórìíra ìrìn ni?"
Kò dúró gbọ́ èsì. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́
pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.
Láti kékeré ni mo ti ń pa á lówe,
mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni,
pé ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ,
pé èèyàn lè kọ́ ọ títí kó má tíì mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Bàbá Petryshyn wà ní Vancouver,
ìjì yìnyín sì ti pa ọkọ̀ òfúrufú mọ́lẹ̀.
Lóru ọjọ́ náà, mi ò gbé ayé.
Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé,
ti òsì, èyí tó tutù jù,
mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, ìka dé ìka,
mo fi òróró ra á.
Ó bi mí lórúkọ. Mo ní Mojoyinọlá.
Ó gé e sí méjì, ó mú ìlàjì àkọ́kọ́,
Mojo ló ń pè mí títí di aago mẹ́rin,
Mojo ló sì bá lọ.
Mo sunkún. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Mo bọ́jú, mo wọ yàrá kẹsàn-án,
níbi tí obìnrin kan ti ń béèrè tíì.

Àwọn ọmọ inú igbó ṣì wà nínú igbó.
Bí owó oṣù bá wọlé, mo ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn ìyá wọn.
Lálẹ́, mo ń ka orúkọ mẹ́ta sókè, mẹ́ta péré,
kí n lè pe ọ̀kọ̀ọ̀kan já kó tó di ariwo.
Lẹ́yìn náà mo dojú fóònù dé.
Mo jẹun. Ó kọ́kọ́ dà bí olè jíjà.
Mo wọ bàtà òtútù jáde,
mo wá ihò iná lára ògiri,
mo ki okùn bọ ọkọ̀ lẹ́nu.
Iná pupa kékeré kan tàn.

Mo wọlé lọ sùn.
Aago mẹ́fà ọ̀la, ẹnìkan ń retí mi.